Ọkọ̀ Ojú Sánmà Ọ̀nárébù Charles

Bí ẹ bá gba iwájú yàrá ìkàwé kan tó wà ní Ìkòsì kọjá, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n fi kọnkéré mọ síbẹ̀. Ó ní ìyẹ́ méjì, ìdí rẹ̀ ní ihò mẹ́rin, wọ́n sì kùn ún ní búlúù lórí àwọ̀ fàdákà tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má bi ọmọ àdúgbò léèrè pé kí nìyẹn. Ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn, ẹ ó sì bá tiyín lọ láìmọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an.

Káńsù kan ló ni ín. Orúkọ káńsù náà, ẹ gbà mí láyè kí n fi pa mọ́, torí owó lọ́yà wọ́n ní Kétu. Níbẹ̀ ni Ọ̀nárébù Charles Ògúntúndé ti jẹ́ alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà nígbà tí ayé DVD ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ẹni tó bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ògúntúndé kò ní gbọ́ èsì. Ẹni tó bá pè é ní Ọ̀nárébù lásán, yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀nárébù Charles ni, kí èèyàn sì rọra gbé Charles yẹn jáde lẹ́nu.

Ọ̀nárébù yìí kì í sọ̀rọ̀ bí ọmọ aráyé. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò ní sọ pé kí wọ́n bu omi wá. "Mo kíyè sí i pé ọ̀nà ọ̀fun mi ti di aṣálẹ̀," ni yóò wí, "mo sì ń pàrọwà sí ẹ̀ka tó bá kàn pé kí wọ́n tètè gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ." Mutolib, P.A. rẹ̀, á wá pàtẹ́wọ́ kó tó lọ bu omi. Àtẹ́wọ́ yìí ní bó ṣe ń lọ: pá, pá-pá, pá. Mutolib fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní àtẹ́wọ́ Ọ̀nárébù. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́dọ̀ gbè é, títí kan ìyá arúgbó tó wá wádìí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wó. Ẹni tí kò bá gbè é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀la, ọ̀la ọ̀hún kì í sì í dé.

Ohun kan ṣoṣo ni Charles ń lé nígbà náà, òun náà ni kí ẹgbẹ́ fa òun kalẹ̀ láti du ipò alága káńsù. Ọwọ́ Bàbá Ọláìyá nìyẹn wà. Bàbá kì í ṣe alága ẹgbẹ́, kì í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n láti Kétu dé Mile 12, ẹni tó bá nawọ́ sí ni wọ́n ń fà kalẹ̀. Ẹni méjì ló wà níwájú rẹ̀: Charles yìí, àti Lọ́yà Fáṣínà ará Alápẹ̀rẹ̀, tí kò mọ̀ ọ́n sọ ṣùgbọ́n tó mọ̀wé. Bàbá wá ní lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀mọ̀wé ni òun fẹ́, torí àwọn káńsù tó yí wọn ká ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Wàhálà Charles nìyẹn. Láti ìgbà tó ti kúrò níléèwé, kò tíì ka ìwé kan dópin. Ó mọ̀, Nimat ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ìwé ìtàn òyìnbó kan wà lára èyí tí àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ń kà. Obìnrin kan ló kọ ọ́ láyé Kuíìnì Fitóríà. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ lédè wa, Fìtílà Ilé Pendrick ni. Òun ló nípọn jù lórí àtẹ, ìdí nìyẹn tí Charles fi mú un. Ó gbé e sórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọ ojú orúkọ ìwé náà sí ọ̀dọ̀ àlejò. Ó gbìyànjú láti kà á lóòótọ́, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ojú ìwé kìíní loorun ti gbé e lọ. Nígbà tó tún gbìyànjú, ojú ìwé kìíní náà ni.

Mutolib ló gbà á sílẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ ń dá ara yín lágara sí? Fíìmù ẹ̀ wà. Àwọn tó ń ta DVD lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Kétu ní in, mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀kan."

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó nígbà náà, ẹ mọ àwo mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á á kó gbogbo ohun tó bá jọ ara wọn sínú àwo ẹyọ kan, á wá lẹ àwòrán kan mọ́ iwájú rẹ̀. Èyí tí Mutolib rà, àwòrán obìnrin tó gbé fìtílà dání ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìwé náà gàdàgbà. Ojúlówó fíìmù ìwé náà ló wà níbẹ̀rẹ̀ àwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló tẹ̀ lé e, fíìmù alápá púpọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà nípa àwọn èèyàn tó sọnù sójú sánmà, tí wọ́n ń wá ọ̀nà ilé kiri láàárín ìràwọ̀. Àwọn tó ṣe é ti fẹ́ràn ìwé obìnrin yẹn láti kékeré. Wọ́n yá orúkọ Kápútéènì Pendrick inú ìwé fún kápútéènì tiwọn, wọ́n fi orúkọ Marian ìyàwó rẹ̀ sọ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì gbé fìtílà kékeré kan sójú fèrèsé ọkọ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tó ta àwo kò purọ́. Ẹbí ni fíìmù méjèèjì. Ó kàn jẹ́ pé kò kọ ọ́ síbì kan pé ibi báyìí ni bàbá parí sí, ibi báyìí lọmọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Charles jókòó tì í ní pálọ̀ rẹ̀, òun àti Nimat. Wọ́n rí ilé òyìnbó àtijọ́ létí òkun. Kápútéènì Pendrick dágbére fún Marian ìyàwó rẹ̀, ó ní kó má ṣe pa fìtílà ojú fèrèsé títí òun á fi dé. Ó kọjú sí èbúté, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀. NEPA mú iná.

Iná kò dé títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, Charles tẹ nọ́ńbà kan lára rìmóòtù, kò sì rántí èyí tó tẹ̀ lánàá. Ohun tó jáde ni òkùnkùn tó kún fún ìràwọ̀, ọkọ̀ ńlá oníìyẹ́ tí iná mẹ́rin ń yọ nídìí rẹ̀, MARIAN lára ọkọ̀, fìtílà lójú fèrèsé. Ẹnì kan ń pe ọkùnrin kan ní Kápútéènì Pendrick.

"Wọ́n ti gbéra," ni Charles wí.

Nimat sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Daddy Labeebah, ojú ẹ̀ ti yàtọ̀."

"Ọjọ́ orí ni. Ìrìn àjò náà jìn."

"Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ lánàá."

"Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé wà," ni Charles wí. Nimat dìde, ó lọ wo ọbẹ̀ tó gbé kaná.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, nílé Bàbá Ọláìyá, Charles tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ díẹ̀ olóṣèlú. Ó kí àwọn tó wà níbẹ̀, ó kí àwọn tí kò sí níbẹ̀, ó kí àwọn tó ti kú. Ó wá gbé ìwé náà sókè.

"Ẹ̀yin àgbààgbà mi, ẹ̀yin òpómúléró ẹgbẹ́ wa," ni ó wí, "obìnrin yìí kọ̀wé rẹ̀ nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣì ń fi ẹsẹ̀ rin Ìkòròdú. Síbẹ̀ ó fi ojú inú rí ọkọ̀ tí yóò fò kọjá òṣùpá. Ó rí iná ìdí rẹ̀. Ó rí Kápútéènì Pendrick láàárín àwọn ìràwọ̀. Mo bi yín, ta ló rí irú rẹ̀ rí? Irú ojú inú yẹn ni mo fẹ́ fi ṣàkóso káńsù yìí."

Mutolib bẹ̀rẹ̀: pá, pá-pá, pá. Ilé gbè é.

Bàbá Ọláìyá kò ka ìwé náà rí. Ṣùgbọ́n ẹ gba tiẹ̀ rò: àgbà tó ní ọ̀mọ̀wé lòun ń wá, ṣé òun ni yóò wá sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n? Bàbá wúkọ́. "Mo ka ìwé yẹn ní Sítáńdáàdì Fáìfù," ni ó wí. "Ọkọ̀ yẹn, iná mẹ́rin ló wà nídìí ẹ̀." Ẹ má bi mí bí Bàbá ṣe mọ̀ pé mẹ́rin ni. Mutolib ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Bí Bàbá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé di òǹkàwé. Alhaja Rasheedat, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, ní èyí tí òun kà ní àwòrán nínú. Ẹnì kan ní omi bọ́ lójú òun nígbà tí ọkọ̀ fò. Wọ́n wá kọjú sí Lọ́yà Fáṣínà.

"Mi ò tíì kà á," ni lọ́yà wí.

Wọ́n wò ó bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án àwẹ̀ níwájú mọ́sálásí. Charles rí ojú tí wọ́n fi wò ó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ìbò ti wọlé.

Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn jù kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Káńsù ń parí yàrá ìkàwé kan lọ́wọ́ ní Ìkòsì. Charles pàṣẹ pé kí wọ́n dá pẹpẹ ìwé dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọnkéré mọ ọkọ̀ Pendrick síwájú ilé náà, pẹ̀lú ìyẹ́ àti ihò iná mẹ́rin, "kí ọmọ tó ń bọ̀ wá kàwé lè mọ ibi tí ìwé lè gbé e dé." Ó tún pàṣẹ pé kí àwọn iléèwé fi ìtàn náà ṣe eré, kí Kápútéènì sì máa fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Ọmọ tó ń ṣe Kápútéènì dá lápá. Charles ránṣẹ́ kí i, ó ní ohun tó ṣe é náà ló ṣe àwọn tó kọ́kọ́ lọ sójú sánmà.

Ìyáàfin Adédiwúrà ló ń bójú tó yàrá ìkàwé náà. Tíṣà lítíréṣọ̀ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti Charles lọ dáadáa. Ó wá bá a ní ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn kí ẹlòmíì má bàa gbọ́, torí ó mọ̀ pé ojú á ti Charles.

"Ọ̀nárébù, ẹ má bínú, sà. Kò sí ọkọ̀ kankan tó fò nínú ìwé yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ni. Àwọn tó ṣe fíìmù ojú sánmà ló yá orúkọ inú ìwé lò. Ó dáa kéèyàn mọ̀ pé wọ́n jọ tan mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀kan kọ́ ni wọ́n. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yẹn láti ọjọ́ yìí wá."

Charles rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ ti ń kọ́ wọn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wò ó?"

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, wọ́n ti gbé Ìyáàfin Adédiwúrà lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà. Ó ní ó dáa, ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà kó má rìn. Kò pẹ́ tí Lọ́yà Fáṣínà fi gbọ́, ó sì bi Bàbá Ọláìyá léèrè ní gbangba ìpàdé pé ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ kankan ò fò. Bàbá wo Charles. Charles rí i pé ipò alága ti fẹ́ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì fò dìde.

"Ojú ni yóò jẹ́rìí," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí yàrá ìkàwé, èmi Charles yóò gbé fíìmù náà sí gbangba, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí gbogbo àdúgbò wá wò ó. NEPA ò sì ní rí i dà rú. Mo ti bá oníjẹnẹrétọ̀ ńlá sọ̀rọ̀, òmíràn á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹn bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ta kánópì, wọ́n na aṣọ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sára ògiri. Wọ́n kó àwọn ìyá tó ń ta ata rodo wá láti Mile 12 kí àga má bàa ṣófo. Bàbá Ọláìyá jókòó níwájú pátápátá nínú agbádá. Ìyáàfin Adédiwúrà wà lẹ́yìn, torí gbogbo òṣìṣẹ́ káńsù ni wọ́n pè. Charles pe ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pa á. Ó wá sọ̀rọ̀ títí ara fi ń ta àwọn oníata, kó tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ilé òyìnbó létí òkun jáde. Kápútéènì Pendrick dágbére. Ó sọ̀rọ̀ fìtílà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀.

Charles dìde dúró, ó na ọwọ́ sí aṣọ funfun. "Ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ fò báyìí."

Ọkọ̀ náà kò fò. Ó ń lọ lórí omi. Charles ní ẹ ní sùúrù, ó ń gba ìsáré ni. Ìjì dé. Charles ní ìjì yẹn ló máa gbé e. Ọkọ̀ forí sọ àpáta, ó sì rì, tòun ti Kápútéènì, tòun ti gbogbo èrò. Charles ṣì nawọ́ sí aṣọ funfun, kò rántí gbé e wálẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Iná kò ṣẹ́jú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra àwo náà, fíìmù yẹn lọ dópin. Wọ́n rí Marian tó ń tan fìtílà lálaalẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Wọ́n rí i nígbà tó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọkọ òun kò bọ̀ mọ́, tó fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ iná náà pa, tó sì ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Àwọn oníata ń nu ojú. Ọ̀rọ̀ jáde pé ó parí. Orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ.

"Pa á," ni Charles sọ fún ẹlẹ́rọ.

"Ọ̀gá, ẹ ní n ò gbọ́dọ̀ pa á."

Orin tuntun bẹ̀rẹ̀. Àkọlé tuntun jáde gàdàgbà, òkùnkùn tẹ̀ lé e, ìràwọ̀, ọkọ̀ oníìyẹ́, iná mẹ́rin. Ìyá Ṣàràfá, ọ̀kan nínú àwọn oníata, yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. "Ṣé òmíì ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rìn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Mutolib fẹ́ fi àtẹ́wọ́ bò ó. Pá, pá-pá... Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó sọ ọwọ́ tó kù di ti ẹni tó ń pa ẹ̀fọn. Ẹnì kan kígbe láti abẹ́ kánópì kejì pé, "Bàbá Ọláìyá, Sítáńdáàdì Fáìfù, iná mẹ́rin yẹn dà?"

Bàbá dìde, ó kó agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó lọ sídìí mọ́tò. Charles sáré tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé pé ẹni tó ta àwo ló fa gbogbo rẹ̀. Bàbá dá a dúró.

"Charles, pé o ò kàwé, ìyẹn ò dùn mí. Ta ló kà á? Èmi kà á ni? Àbí Alhaja kà á? Gbogbo wa la ò kà á, ara wa sì balẹ̀. Ìwọ lo lọ gbé jẹnẹrétọ̀ wá kí gbogbo ayé lè rí wa." Ó wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé lọ́yà ni wọ́n wá fà kalẹ̀ o. Bàbá ní ẹni tó lè jókòó láàárín àwọn àgbà kó sọ pé òun kò kàwé kan, ìwà rẹ̀ ò dáa. Alhaja Rasheedat ni wọ́n mú, torí ó ní tòun ní àwòrán nínú, kò sì sọ pé àwòrán kí ni. Alhaja wọlé. Nígbà tó ń pín ipò, ó fi Mutolib sípò Charles.

Charles wà nílé. Fóònù rẹ̀ kò dún. Àwọn tó máa ń kún pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kò mọ ilé náà mọ́. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ fẹ́ pa á, ó mú ìwé tó nípọn yẹn. Oorun gbé e ní ojú ìwé kìíní bí i ti tẹ́lẹ̀, ó sì jí, ó tún kà á. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo gun òkè. Nígbà tó dé ibi tí Marian ti fẹ́ iná pa, ó sunkún, kò sì mọ̀ bóyá obìnrin náà lòun ń sunkún fún tàbí ara òun. Nimat bá a níbẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan, ó gbé omi fún un. Charles ní, "O ṣeun." Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó ti sọ látọdún mẹ́wàá nìyẹn.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, ẹ̀ bá ní Charles ti dèèyàn. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nárébù Mutolib tún ṣètò láti ṣí yàrá ìkàwé náà lọ́tun. Ó ní kí wọ́n kun ọkọ̀ kọnkéré ní búlúù. Wọ́n ní ìyẹ́ ńkọ́, ó ní àjẹ̀ ni. Charles wà níbẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó ti ń bẹ Alhaja fún ipò kékeré kan, bó ti wù kó kéré mọ, Alhaja sì ti ní ọwọ́ Mutolib ló wà. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ìyáàfin Adédiwúrà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ló ṣì wà. Kò sẹ́ni tó rántí dá a padà.

Mutolib gbé ohùn sókè. "Ìwé yìí, mo kà á, mo tún un kà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni ìfaradà. Obìnrin yẹn dúró, kò pa fìtílà. Lọ́jọ́ kan, Kápútéènì Pendrick dé, ó bá iná lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba Alhaja ṣe dé bá wa."

Charles dìde díẹ̀ lórí àga. Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, fún ìgbà kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ó mọ ohun tó ń bẹ nínú ìwé kan. Lókè lọ́hùn-ún, Mutolib rí i, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Charles rọra jókòó padà.

Ìyáàfin Adédiwúrà yíjú sí i. "Ọ̀nárébù, ṣé ẹ ti wá kà á?"

"Mo ti kà á, Mummy."

"Ṣé ó dé?"

"Kò dé," ni Charles wí.

Pá, pá-pá, pá. Gbogbo abẹ́ kánópì ti ń gbè é. Ìyáàfin Adédiwúrà wo ọwọ́ Charles, Charles náà sì wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ náà ti ń gbè é tipẹ́.